Irinṣẹ́ Tó Di Àyálò: Ìbéèrè Nípa Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́ Lórí Ohun Tó Ń Lò

Ìbéèrè tí àròkọ yìí gbé dìde ni bóyá ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ irinṣẹ́ kan, tí irinṣẹ́ náà sì ti mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé kò nílò láti ronú kí ó tó lò ó, ní ẹ̀tọ́ kankan lórí rẹ̀ tó ju èyí tí owó tó san fún un lọ. Ìbéèrè náà ti pẹ́ láyé, nítorí kò sí àwùjọ tó ní alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ àti gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò ní èrò kan nípa bí irinṣẹ́ ṣe tan mọ́ ẹni tó ń lò ó. Ṣùgbọ́n ó ti gba ọ̀nà tuntun yọ ní ayé kọ̀ǹpútà, níbi tí irinṣẹ́ kì í ti í ṣe irin tàbí igi mọ́, tí ó jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà, ìyẹn àkójọ àwọn àṣẹ tí a kọ fún ẹ̀rọ kí ó lè ṣe iṣẹ́ kan pàtó, tí ẹni tó ṣe é sì lè gbà á padà láti òkèèrè láìfẹsẹ̀ tẹ ìloro ilé ẹni tó ń lò ó.

Àpẹẹrẹ tó fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere jù ni ti ilé-iṣẹ́ Adobe ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí John Warnock àti Charles Geschke dá sílẹ̀ ní ọdún 1982. Ní ọdún 1990 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ Photoshop jáde, ètò tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Thomas àti John Knoll, kọ fún títún àwòrán ṣe, láti ìgbà náà sì ni àwọn ayàwòrán, àwọn atẹ̀wé àti àwọn tó ń to ojú ìwé ìròyìn káàkiri ayé ti ń kọ́ irinṣẹ́ Adobe bí ọmọṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á máa lò ó títí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò fi gbó, bí ẹ̀dà tuntun bá sì jáde, ó kù sí i lọ́wọ́ bóyá yóò rà á tàbí yóò fi í sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, níbi ìpàdé ńlá tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ní Los Angeles, Adobe kéde pé kò ní sí ẹ̀dà tuntun mọ́ fún àkójọ irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Creative Suite, pé CS6 tó jáde ní ọdún 2012 ni òpin rẹ̀, àti pé ẹni tó bá fẹ́ ohun tuntun gbọ́dọ̀ wọ inú Creative Cloud, níbi tí yóò ti máa san owó lóṣooṣù. Odindi àkójọ CS6 tó tóbi jù ń lọ ní 2,599 dọ́là, kí a san án lẹ́ẹ̀kan kó tán. Ti Creative Cloud jẹ́ nǹkan bí 50 dọ́là lóṣù nígbà náà fún ẹni tó bá ṣe àdéhùn ọdún kan, kò sì ní ọjọ́ tí yóò tán.

Ohun tí à ń pè ní cloud ni àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, tí wọ́n kó jọ sí ibòmíràn, tí ènìyàn ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ wọn láti fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀ tàbí láti lo ohun tó wà níbẹ̀. Ó yẹ kí òǹkàwé fiyè sí i pé Photoshop kò kúrò lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń lò ó lọ́dún 2013. Orí ẹ̀rọ rẹ̀ náà ló ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó bọ́ sí orí cloud ni àṣẹ láti lò ó, nítorí pé lóòrèkóòrè ni ètò náà gbọ́dọ̀ kàn sí kọ̀ǹpútà Adobe kí ó lè mọ̀ bóyá owó ṣì ń wọlé. Èyí ṣe pàtàkì gidigidi, torí ó fi hàn pé ohun tó yí padà kì í ṣe ẹ̀rọ rárá. Àjọṣe àárín ẹni tó ṣe irinṣẹ́ àti ẹni tó ń lò ó ló yí padà, àjọṣe ẹ̀dá sì jẹ́ ohun tí ẹ̀kọ́ nípa ìwà gbọ́dọ̀ gbé yẹ̀ wò, kí a má kàn fà á lé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn olùṣirò owó lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí Adobe yí ìpinnu rẹ̀ padà, àmọ́ pàbó ló já sí. Èsì tí àwọn tó rò pé àwọn gbọ́n jù fún wọn ni pé àṣà ló so wọ́n mọ́lẹ̀, pé kò sí ohun tuntun tí àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ kì í ráhùn sí, àti pé bó pẹ́ bó yá wọn yóò gbà. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fojú kéré ohun tí mímọ̀ọ́lò irinṣẹ́ jẹ́. Martin Heidegger, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣàlàyé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1927 pé nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń fi òòlù kan ìṣó, ọkàn rẹ̀ kì í sí lára òòlù, ara iṣẹ́ tó ń ṣe ni ó máa ń wà. Ìgbà tí òòlù náà bá fọ́ tàbí tí a bá wá a tì ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ohun tí ojú ń rí. Ní ọdún 1945, Maurice Merleau-Ponty ti ilẹ̀ Faransé gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i pẹ̀lú àpẹẹrẹ ọ̀pá afọ́jú, pé nígbà tí ọ̀pá bá ti mọ́ afọ́jú lọ́wọ́, ẹnu ọ̀pá náà gan-an ni ìfọwọ́kàn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́. Andy Clark àti David Chalmers lọ jìnnà jù wọ́n lọ ní ọdún 1998, nígbà tí wọ́n fi àpẹẹrẹ ọkùnrin kan tí wọ́n pè ní Otto, tí ìgbàgbé ń dà láàmú, tó sì ń kọ gbogbo ohun tó fẹ́ rántí sínú ìwé tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, sọ pé ìwé náà ti di apá kan iyè inú rẹ̀.

Bí a bá fi èrò wọ̀nyí wo ẹni tó ti lo Photoshop fún ogún ọdún, tí ìka rẹ̀ ń rìn lórí bọ́tìnnì kí ọkàn rẹ̀ tó sọ̀rọ̀, tó ń to àwòrán lérí ara wọn bí ẹni ń to aṣọ, yóò hàn pé ohun tó mọ̀ kò sí nínú orí rẹ̀ nìkan. Ìdajì rẹ̀ wà nínú irinṣẹ́. Ẹni tó bá gba irinṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba ìmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìmọ̀ tí ó fi ìgbà èwe rẹ̀ rà, tí kò sì sí nínú ìwé owó tí Adobe kọ fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rà á.

Ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá náà ní ohun tí ó sọ síbi ọ̀rọ̀ yìí. Ògún ni òrìṣà irin, àwọn alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, olóólà àti awakọ̀ sì ń bọ ọ́ nítorí pé ohun tó ń bọ́ wọn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Nígbà ọdún Ògún, irinṣẹ́ pàápàá ni wọ́n ń kó kalẹ̀ tí wọ́n ń tọrọ àánú lé lórí. Ògún yìí kan náà sì ni ẹlẹ́rìí májẹ̀mú, tó fi jẹ́ pé ní kóòtù Nàìjíríà títí di òní, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra dípò Bíbélì tàbí Kùránì. Ìgbàgbọ́ méjèèjì yìí ń tọ́ka sí èrò kan tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tí a dárúkọ kò gbé yẹ̀ wò tó, pé irinṣẹ́ kì í ṣe àfikún ọwọ́ nìkan, pé ó jẹ́ ibi tí àdéhùn wà, tí ẹni tó rọ ọ́, ẹni tó ń lò ó àti ẹni tí a ń fi ṣiṣẹ́ fún sì jọ wà lábẹ́ ojú kan náà.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a ti èrò Clark àti Chalmers dé ibi tí kò ti ní tọ́. Bí irinṣẹ́ bá jẹ́ ara òṣìṣẹ́ pátápátá, a jẹ́ pé ẹni tó rọ irinṣẹ́ ti di ẹrú ẹni tó ń lò ó, tí kò ní lè yí ohunkóhun padà láéláé, tí kò sì ní lè fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ìwà rere nínú ìyẹn. Gbẹ̀dẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi máa ń gba ìyípadà tí ó mú ọgbọ́n lọ́wọ́: ní ọdún 1994 tí Photoshop bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ènìyàn to àwòrán ní ìpele-ìpele, ọ̀nà iṣẹ́ wọn yí padà ju bí ó ti yí padà lọ́dún 2013 lọ, ayọ̀ ni wọ́n sì fi gbà á. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ wá orísun ìbínú ọdún 2013 sí ibòmíràn.

Orísun náà wà nínú iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ti ṣe tán. John Locke, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé ara ènìyàn àti làálàá rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, àti pé ohun tó bá po làálàá rẹ̀ mọ́ di tirẹ̀ pẹ̀lú. Adobe kò sẹ́ èyí; àdéhùn ilé-iṣẹ́ náà sọ pé ohun tí ènìyàn bá fi irinṣẹ́ wọn ṣe, ti ẹni náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo fáìlì InDesign, ètò tí àwọn atẹ̀wé fi ń to ojú ìwé. Fáìlì náà jẹ́ ti atẹ̀wé lábẹ́ òfin, kò sì rọrùn fún ètò mìíràn láti ṣí i. Kódà InDesign ti CS6 tí ó ti sanwó rẹ̀ tán kò lè ṣí èyí tí ẹ̀dà tuntun bá ṣe, àfi bí ó bá kọ́kọ́ padà sínú ẹ̀dà tuntun náà lọ yí i sí oríṣi mìíràn. Èyí já sí pé ọjọ́ tí atẹ̀wé bá dáwọ́ owó oṣooṣù dúró, ìwé tí ó fi oṣù mẹ́fà tò ṣì jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Níní ohun tí a kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìwà àìtọ́ tí Locke kò rò tẹ́lẹ̀, nítorí pé ní ayé tirẹ̀, ẹni tó bá kórè àgbàdo á gbé e lọ sílé.

Àwọn kan á sọ pé ohun tó burú ni yíyá irinṣẹ́ lò fúnra rẹ̀, pé rírà nìkan ni ó bá ẹ̀tọ́ mu. Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ní ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ nínú ìṣákọ́lẹ̀, tí Peter Lloyd gbé yẹ̀ wò nínú Yoruba Land Law tó jáde ní ọdún 1962. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ohun tí àgbẹ̀ tó ti ibòmíràn wá ń fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, ìbáà ṣe iṣu, obì tàbí epo, láti fi hàn pé ó mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe rírà, nítorí àgbẹ̀ náà kò lè ta ilẹ̀, onílẹ̀ a sì máa dá ọ̀pẹ sí fún ara rẹ̀ nígbà púpọ̀, kò sì sí ẹni tó lè gbin igi tó ń pẹ́ lórí ilẹ̀ láìgba àyè. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó ilé oṣooṣù tí a mọ̀ nígboro, nítorí níwọ̀n ìgbà tí àgbẹ̀ bá ń mú ìṣákọ́lẹ̀ wá, tí kò sì sẹ́ onílẹ̀, kò sí ọjọ́ tí àṣẹ rẹ̀ yóò pé: òun yóò dáko níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò dáko níbẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Kóòtù Nàìjíríà ti gba èyí gẹ́gẹ́ bí òfin ìbílẹ̀, tí onílẹ̀ kò fi lè ṣàdédé lé e kúrò láìjẹ́ pé kóòtù rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́ ìfẹ́ àti àlàáfíà ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí kòkó di ohun tó ń mówó ńlá wọlé, ohun tí ó ti jẹ́ àmì ọ̀wọ̀ di ẹrù, ó sì wà lára ohun tó da àárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ rú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ìjà náà pàápàá fi hàn pé àwọn méjèèjì mọ̀ pé ìdè wà lọ́rùn ẹgbẹ́ méjèèjì. Onílẹ̀ kò lè sọ lọ́jọ́ kan pé òun ti sọ ilẹ̀ oko di adágún omi, kí ẹni tó bá fẹ́ máa dáko lọ kọ́ ẹja pípa. Ohun tó ṣe àtakò sí ẹ̀tọ́ nínú ètò ọdún 2013 wà níbí gan-an: kò sí ohun tó burú nínú pé Adobe ń gba owó oṣooṣù, ohun tó burú ni pé ìdè àdéhùn náà wà lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ lè yí iye owó padà, ó lè yọ apá kan irinṣẹ́ kúrò, ó lè pa á tì. Ẹni tó ń lò ó kò ní ju kí ó máa san tàbí kí ó jáde lọ láìmú nǹkan kan dání.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi bí ìdè ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yìí ti wúwo tó hàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, kọ̀ǹpútà tí Adobe fi ń dá àwọn oníbàárà mọ̀ dákẹ́ fún ohun tó ju ọjọ́ kan lọ, ọ̀pọ̀ tí kò ṣẹ̀ kò sì lè wọlé sídìí iṣẹ́ wọn. Ti Venezuela ní ọdún 2019 jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí àṣẹ ìfìyàjẹ sí ìjọba orílẹ̀-èdè náà ní oṣù Kẹjọ, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá, Adobe kéde pé òun yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹni tó ń lo irinṣẹ́ òun ní Venezuela, ayàwòrán, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníròyìn, ẹni tó kórìíra ìjọba wọn àti ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba Amẹ́ríkà fún ilé-iṣẹ́ náà láyè láti máa bá wọn ṣòwò, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn padà. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ náà kọ́ ènìyàn kò ṣeé gbàgbé, nítorí ẹni tí CS6 rẹ̀ wà lórí tábìlì ní Caracas, olú-ìlú ibẹ̀, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà láti ọ̀nà mìíràn, ìyẹn owó. Ní ọdún 2022, àwọn báǹkì kan dín iye tí káàdì náírà lè ná sílẹ̀ òkèèrè kù sí 20 dọ́là lóṣù, òmíràn sì dá a dúró pátápátá kí ọdún náà tó tán. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là tí kò tíì pé 500 náírà ní ọjà ìjọba kọjá 700 kí oṣù náà tó parí. Ayàwòrán tó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú tàbí ní Ìbàdàn, tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń san náírà, lè jẹ́ olóòótọ́ tó fẹ́ san gbèsè rẹ̀, kí ọ̀nà àtisan án má sì sí. Ẹni tó ra irinṣẹ́ tirẹ̀ nígbà tí owó wà ti bọ́ lọ́wọ́ ìjì yìí. Ẹni tó ń yá a lò wà nínú rẹ̀ ní oṣù kọ̀ọ̀kan, láìṣẹ̀ onílẹ̀ rárá.

Òótọ́ ni pé Adobe ní àwíjàre tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ètò kọ̀ǹpútà kì í dúró lójú kan bí ọmọ owú. Àbùkù tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé máa ń yọ lára rẹ̀, ẹ̀rọ tuntun sì ń jáde tó gbọ́dọ̀ bá lọ, gbogbo èyí sì ní owó tó ń ná. Lọ́dún 2013, ọ̀dọ́mọdé tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò lè rí 2,599 dọ́là láéláé lè rí 50 lóṣù. CS6 tí wọ́n ní ẹ ti rà tán pàápàá kò wà títí: ní ọdún 2019 tí Apple gbé ètò Catalina jáde fún kọ̀ǹpútà Mac, tí kò gba àwọn ètò ayé àtijọ́ láyè mọ́, ọ̀pọ̀ nínú irinṣẹ́ CS6 ò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó ni irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà bí alágbẹ̀dẹ ṣe ni òòlù rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwíjàre yìí ń sọ ìdí tí owó fi gbọ́dọ̀ máa wọlé. Kò sọ ìdí tí fáìlì atẹ̀wé fi gbọ́dọ̀ tì pa lọ́jọ́ tí owó bá dúró.

Pé ọ̀nà mìíràn wà, Adobe fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 2014, ẹni tí owó rẹ̀ bá tán lórí Lightroom, irinṣẹ́ àwọn ayàwòrán, ṣì lè ṣí àkójọ àwòrán rẹ̀, kí ó wò ó, kí ó sì kó o jáde. Apá tí a fi ń tún àwòrán ṣe ni ilé-iṣẹ́ ń tì. JetBrains, ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Prague, tó ń ṣe irinṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ó kéde pé owó ìlò onígbà-dé-ìgbà ni òun yóò máa gbà, àwọn oníbàárà fárígá, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà sì tún àdéhùn ṣe, pé ẹni tó bá ti san owó oṣù 12 léraléra yóò máa lo ẹ̀dà tó wà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sísan náà títí ayé, bí kò tilẹ̀ san kọ́bọ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà kò kú nítorí rẹ̀. Àdéhùn yìí súnmọ́ ìṣákọ́lẹ̀ ju ohunkóhun mìíràn tí ayé kọ̀ǹpútà ti gbé jáde lọ, nítorí ó gbà pé sísan owó pẹ́ títí ń bí ẹ̀tọ́ tí ẹni tó gbowó gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún.

Ibi tó kù tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn ni ti ogún. Àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ bọ́ sí ipò rẹ̀; alágbẹ̀dẹ kú, ọmọ owú rẹ̀ kò jáde nílé. Ẹni tó ń lo Creative Cloud kú, àṣẹ ìlò náà kò ṣeé fi lé ọmọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ sì kù pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún fáìlì tí bàbá tàbí ìyá wọn fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe. Ní California, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025 tó ní kí ẹni tó ń ta ohun orí kọ̀ǹpútà má ṣe pè é ní títà bí kò bá sọ gbangba pé àṣẹ ìlò lásán ni òun ń fúnni. Ó dára pé a fi òtítọ́ hàn ẹni tó ń sanwó, ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ ohunkóhun nípa àwọn ọmọ olóògbé wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ṣe àdéhùn.